Níbo ni Èdè ti Já? Ẹ̀kọ́ lórí Ètò Ibùgbé Èdè Yorùbá nínú Kọ̀ǹpútà

Ìfáárà

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti ewì, kì í sì í ṣe ti gírámà. Ẹ̀kọ́ nípa kọ̀ǹpútà ni. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má tìtorí bẹ́ẹ̀ ṣí i kọjá, nítorí ọ̀rọ̀ èdè wa gan-an ni ó wà nínú rẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ gbé Yorùbá sórí ẹ̀rọ.

Ní ọjọọjọ́ Àbámẹ́ta, díẹ̀ nínú àwa ọmọ ẹgbẹ́ máa ń lọ kọ́ àwọn ọmọdé ní èdè Yorùbá ní Kubwa. Àwọn òbí wọn wá láti Ìlọrin, Òṣogbo, Àkúrẹ́ àti Kàbà, ṣùgbọ́n Àbújá ni wọ́n bí àwọn ọmọ náà sí. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kàwé, wọ́n ń gbọ́ Hausa lọ́jà, ìwọ̀nba Yorùbá inú ilé nìkan ni wọ́n sì ní. A rò ó pé bí a bá ṣe ìkànnì ayélujára kékeré kan fún wọn, wọn yóò lè máa kà á láàárín ọ̀sẹ̀. Apá méjì ni a fẹ́ kí ó ní: àkójọ ọ̀rọ̀, àti àkójọ orúkọ pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn.

A kò kọ́kọ́ gbé e sí gbangba. Inú kọ̀ǹpútà alágbèéká ọ̀kan nínú wa, nínú yàrá kan ní Gwagwalada, ni a ti bẹ̀rẹ̀. Sáfà ni ẹ̀rọ tí ó ń fi ojú-ìwé ayélujára ránṣẹ́ sí ẹni tí ó bá béèrè fún un. Kọ̀ǹpútà tí a bá sọ di sáfà fún ara rẹ̀ ni a ó máa pè ní sáfà abẹ́lé nínú ẹ̀kọ́ yìí. Orúkọ tí ẹ̀rọ ń pè é ni localhost, àdírẹ́sì rẹ̀ sì ni 127.0.0.1. Ó dà bí ìdánrawò tí àwọn òṣèré máa ń ṣe nínú yàrá kí wọ́n tó bọ́ sórí ìtàgé.

Ọjọ́ tí a gbé kọ̀ǹpútà náà lọ fi han àwọn ọmọ ni ojú tì wá. Lẹ́tà tí ó bẹ̀rẹ̀ "Ẹ káàbọ̀" ti di áº¸. Àwọn gbólóhùn kan wà ní Yorùbá, àwọn mìíràn wà ní Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí a fẹ́ fi ọkọ̀ kún àkójọ ọ̀rọ̀, ẹ̀rọ ní ó ti wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ọkọ, olówó orí ìyàwó, ni ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó dùn wá jù ni ti ọmọbìnrin kékeré kan tí ó ń jẹ́ Àdùkẹ́. Ó fi àwọn bọ́tìnnì lẹ́tà tí a ṣe sójú-ìwé náà tẹ orúkọ rẹ̀ sínú àpótí ìwárí. Ẹ̀rọ dáhùn pé kò sí orúkọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà wo ọ̀kan nínú wa lójú, ó ní, "Àǹtí, ṣé orúkọ mi kì í ṣe orúkọ Yorùbá ni?" Orúkọ náà wà nínú àkójọ wa. Ọwọ́ wa ni a fi tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹnìkan dá a lábàá pé kí á yọ gbogbo àmì kúrò, kí á máa kọ Aduke àti oko bí àwọn ènìyàn ti ń kọ ọ́ lórí fóònù, kí wàhálà lè tán. Ẹlòmíràn dáhùn pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. A jiyàn títí. Nígbà tí ó yá, a fẹnu kò pé kí á tọpasẹ̀ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí á wá ibi tí èdè ti já. Ohun tí a rí ni a fẹ́ fi kọ́ ara wa níhìn-ín. Bí a bá fẹ́ sọ ọ́ ní kúkúrú, òun nìyí: kọ̀ǹpútà ní àyè fún Yorùbá, ètò tí ó yẹ kí á ṣe ni a kò tíì ṣe.

1. Kí ni ètò ibùgbé èdè?

Locale ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè é. Àwa yóò máa pè é ní ètò ibùgbé èdè. Àkójọ àṣẹ ni, tí ó ń sọ fún ẹ̀rọ pé èdè báyìí ni à ń lò, ilẹ̀ báyìí ni a wà, báyìí ni a sì ṣe ń fi lẹ́tà pamọ́. Láti inú rẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń mọ orúkọ ọjọ́ àti oṣù, àmì owó, bí a ṣe ń to ọ̀rọ̀ tẹ̀lé ábídí, àti èdè tí yóò fi bá òǹkàwé sọ̀rọ̀. Bí a ṣe ń kọ tiwa nìyí:

yo_NG.UTF-8

Apá mẹ́ta ni ó ní. Apá kìíní, yo, ni àmì tí ìlànà àgbáyé tí a mọ̀ sí ISO 639-1 fún èdè Yorùbá. Apá kejì, NG, ni Nàìjíríà. Apá kẹta, UTF-8, ni ọ̀nà tí à ń gbà sọ lẹ́tà di nọ́ńbà kí ẹ̀rọ lè fi í pamọ́.

Ohun mẹ́ta ni ó máa ń da olùbẹ̀rẹ̀ láàmú níhìn-ín. Àkọ́kọ́, inú sáfà a máa fẹ́ ìlà ìsàlẹ̀, yo_NG. Ojú-ìwé ayélujára a máa fẹ́ àmì ìsopọ̀, yo-NG. Bí a bá gbé ọ̀kan sí ààyè èkejì, ẹ̀rọ lè ṣe bí ẹni pé a kò sọ nǹkan kan. Èkejì, Yorùbá tún ní àmì onílẹ́tà mẹ́ta, yor. Kí á wo ìwé ìlànà ètò tí à ń lò, kí á mọ èyí tí ó fẹ́. Ẹ̀kẹta, àmì orílẹ̀-èdè kì í ṣe àmì èdè. Àwa fúnra wa kọ ng sí ibi tí ó yẹ kí á kọ yo sí. Ìgbà tí a wò ó fínnífínní ni a rí i pé ng ni àmì Ndonga, èdè kan tí wọ́n ń sọ ní Nàmíbíà àti Àǹgólà. Gbogbo ìgbà tí à ń rò pé Yorùbá ni à ń kọ, Ndonga ni a ń pè é létí ẹ̀rọ!

Kí á má gbàgbé pé Yorùbá kò mọ sí Nàìjíríà. Ti àwọn ẹbí wa ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ní Kétu, Ṣábẹ̀ àti agbègbè wọn, ni yo-BJ. Wọ́n ń kọ ɛ níbi tí àwa ń kọ ẹ, ɔ níbi tí àwa ń kọ ọ, àti sh níbi tí àwa ń kọ ṣ. Àkójọ ètò ibùgbé èdè tí ẹgbẹ́ Unicode ń tọ́jú, èyí tí ń jẹ́ CLDR, ní ti àwa àti ti wọn. Àwọn Gbagyi tí wọ́n ni ilẹ̀ Àbújá tí a wà yìí pẹ̀lú ní àmì èdè tiwọn, gbr.

Ẹ̀kọ́ kan tún wà fún àwa ará Àbújá. Nígbà tí a fẹ́ yan aago fún sáfà wa, a kọ Africa/Abuja. Ẹ̀rọ kọ̀ ọ́. Orúkọ bẹ́ẹ̀ kò sí nínú àkójọ aago àgbáyé. Africa/Lagos ni a ń kọ fún gbogbo Nàìjíríà, nítorí pé ìlú tí èrò pọ̀ sí jù ni àkójọ náà sábà máa ń lò, kì í ṣe olú-ìlú. Aago wa fi wákàtí kan ṣíwájú UTC, kì í sì í yí padà láàárín ọdún. Lẹ́yìn tí a tún un ṣe, a dán an wò pẹ̀lú ọjọ́ tí Àbújá di olú-ìlú, ìyẹn ọjọ́ 12, oṣù kejìlá, ọdún 1991. Bí a bá ní kí ẹ̀rọ tí ó ń lo CLDR kọ orúkọ ọjọ́ àti oṣù náà ní kíkún ní Yorùbá, Ọjọ́bọ àti Oṣù Ọ̀pẹ̀ ni ó yẹ kí ó kọ. Bí ó bá kọ Thursday àti December, a mọ̀ pé èdè ti já níbì kan.

2. Ọwọ́ méje tí ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá

Bí a bá rán ọmọ méje níṣẹ́ kan náà lọ́wọ́ọ̀wọ́, tí iṣẹ́ náà sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a rán an sí ní ìdàkudà, a kì í na gbogbo wọn. Ńṣe ni a ó bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan: kí ni wọ́n wí fún ọ, kí sì ni ìwọ wí fún ẹnìkejì? Bẹ́ẹ̀ gan-an ni a ṣe ń wá àìsàn ìkànnì.

Kí á tó bẹ̀rẹ̀, ìlànà méjì wà. Kí á ní ọ̀rọ̀ ìdánwò tí a ó máa lò níbi gbogbo. Tiwa ni ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀, iṣẹ́ àti Àdùkẹ́. Lẹ́yìn náà, kí á má ṣe yí ohun méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí bí ara bá yá, a kò ní mọ oògùn tí ó wò ó.

(i) Fáìlì. Nínú UTF-8, nọ́ńbà mẹ́ta ni ẹ̀rọ fi ń pa Ẹ mọ́: E1, BA àti B8. Bí ẹni tí ń kà á bá rò pé nọ́ńbà kan, lẹ́tà kan ni, gẹ́gẹ́ bí ìlànà àtijọ́ tí wọ́n ṣe fún àwọn èdè ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù, yóò kọ á, º àti ¸. Ohun tí a rí ní Kubwa nìyẹn. Bákan náà ni ṣ yóò di á¹£, tí àmì owó àwọn Gẹ̀ẹ́sì yóò wọ àárín ọ̀rọ̀ wa láìpè é. Nǹkan kan kò tíì sọnù nínú fáìlì náà; àṣìkà ni. Kí á kọ́kọ́ rí i dájú pé ètò tí a fi ń kọ fáìlì ń fi í pamọ́ ní UTF-8.

(ii) Sáfà. Kí sáfà tó fi ojú-ìwé ránṣẹ́, ó máa ń kéde irú ohun tí ó ń bọ̀. Ìkéde tí ó yẹ nìyí:

Content-Type: text/html; charset=UTF-8

Nínú ojú-ìwé fúnra rẹ̀ pẹ̀lú, a máa ń kọ <meta charset="utf-8">. Bí ọ̀rọ̀ méjèèjì bá takora, ti sáfà ni bùráósà yóò gbà. Ibi tí tiwa ti já nìyí. A ti kọ meta dáadáa, ṣùgbọ́n nínú ètò Apache, AddDefaultCharset ń pè é ní ISO-8859-1. A yí i sí UTF-8, a tún Apache bẹ̀rẹ̀, "Ẹ káàbọ̀" sì padà bọ̀ sípò.

(iii) Ojú-ìwé àti bùráósà. Ní òkè ojú-ìwé, kí á kọ <html lang="yo">. Òun ni ẹ̀rọ tí ń kàwé fún àwọn tí ojú ń dùn fi ń mọ èdè tí ó wà níwájú rẹ̀. Bùráósà náà a máa sọ fún sáfà èdè tí òǹkàwé fẹ́, báyìí:

Accept-Language: yo-NG,yo;q=0.9,en;q=0.8

Nọ́ńbà tí ó tẹ̀lé q ń sọ bí a ti fẹ́ èdè kọ̀ọ̀kan tó. Bí yo kò bá sí nínú àtòkọ yìí, ìkànnì tí ó ń tẹ̀lé e yóò mú Gẹ̀ẹ́sì jáde, kò sì ṣẹ̀. Inú ètò bùráósà ni a ti ń fi Yorùbá kún un. Kí á tún rántí pé ìkànnì lè rántí èdè tí a yàn lánàá. Nítorí náà, inú fèrèsé ìkọ̀kọ̀ bùráósà ni kí á ti máa dán an wò.

(iv) Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Àwọn ìkànnì kan gbára lé ètò ibùgbé èdè tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà. Lórí Ubuntu tàbí Debian, àṣẹ yìí yóò fi gbogbo èyí tí ó wà hàn wá:

locale -a

Nígbà tí a pa àṣẹ náà, a kò rí yo_NG. A ti ń ronú ibi tí a ó ti wá a wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí á tó ṣí fáìlì /etc/locale.gen. Ìlà kan wà níbẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú yo_NG, tí àmì # sì wà níwájú rẹ̀. Àmì yẹn ni ó ní kí ẹ̀rọ má kà á. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ni ó wà. A yọ # kúrò, a pa àṣẹ sudo locale-gen, a sì tún Apache bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀rọ kò pariwo ní gbogbo ìgbà tí yo_NG kò sí. Nínú PHP, setlocale yóò dá false padà bí kò bá rí ibùgbé èdè tí a béèrè, iṣẹ́ yóò sì máa lọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí kò bá béèrè èsì kò ní mọ̀. Abéèrè kì í ṣìnà: kí á jẹ́ kí ètò wa kọ èsì náà jáde. Lórí Windows, orúkọ tí setlocale mọ̀ lè yàtọ̀. Ìdí nìyẹn tí ohun tí ó ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ fi lè kọ̀ lórí tiwa.

(v) Fáìlì ìtumọ̀. Ọ̀nà tí a lò ni gettext. Nínú rẹ̀, à ń kọ ìtumọ̀ sínú fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .po, a ó sì fi àṣẹ msgfmt sọ ọ́ di .mo tí ẹ̀rọ lè kà. Ibi tí ẹ̀rọ yóò ti wá a nìyí:

locale/yo_NG/LC_MESSAGES/egbe.mo

Bí fódà kan bá yàtọ̀, Gẹ̀ẹ́sì lè jáde. Bí a bá tún .po ṣe tí a kò sì sọ ọ́ di .mo, iṣẹ́ asán ni. Bí a bá ṣe méjèèjì, sáfà ṣì lè máa lo .mo àná tí ó wà ní orí rẹ̀. Kí á tún un bẹ̀rẹ̀. Èyí tí ó pẹ́ kí á tó rí ni ọ̀rọ̀ fuzzy. Nígbà tí gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì bá yí padà díẹ̀, ètò yóò kọ fuzzy sí ẹ̀gbẹ́ ìtumọ̀ wa, ìyẹn ni pé kí á tún un yẹ̀ wò. Títí a ó fi yẹ̀ ẹ́ wò tí a ó sì yọ àmì náà, msgfmt kò ní mú un. Ìdí nìyẹn tí bọ́tìnnì wa fi wà ní Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí àkọlé òkè ti di Yorùbá.

Níhìn-ín ni ẹ̀kọ́ gírámà ti gbà wá. Ní òkè fáìlì .po, a gbọ́dọ̀ sọ irú ẹ̀dà mélòó tí ọ̀rọ̀-orúkọ ní nípa iye. A ti da ti Gẹ̀ẹ́sì kọ síbẹ̀, èyí tí ó ní ẹ̀dà méjì, ètò sì ń béèrè ẹ̀dà kejì lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n gbogbo wa ni a mọ̀ pé ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá kì í yí padà nítorí iye: ìwé kan, ìwé mẹ́wàá. Ohun tí ó yẹ kí á kọ ni:

Plural-Forms: nplurals=1; plural=0;

(vi) Dátábéèsì. Èyí ni ibi tí àkójọ ọ̀rọ̀ wa wà. MySQL 8.0 ni a lò. Bí a kò bá sọ nǹkan kan fún un, ìlànà ìfiwéra tí yóò lò ni utf8mb4_0900_ai_ci. Lẹ́tà ai ń sọ pé kí ó má ka àmì sí. Ci ń sọ pé kí ó má ka lẹ́tà ńlá àti kékeré sí. Lójú rẹ̀, ọkọ tí í ṣe baálé ilé, ọkọ́ tí a fi ń roko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀, ọ̀kọ̀ tí a fi ń jagun, títí dé oko fúnra rẹ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n. Nígbà tí a sì ti ní kí ọ̀rọ̀ kan má wọlé lẹ́ẹ̀mejì, ó di dandan kí ó lé àwọn yòókù sẹ́yìn. A yí ìlànà náà sí utf8mb4_0900_as_cs, tí ó ń ka àmì sí, gbogbo wọn sì wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n kí á má ju ai nù. Òǹkàwé tí kò ní àmì lórí fóònù rẹ̀ lè tẹ oko nígbà tí ó ń wá ọkọ̀. Ní ti ìwárí, ai dára, nítorí yóò kó gbogbo wọn jáde kí òǹkàwé lè yan èyí tí ó fẹ́. Kí á le koko nígbà tí a bá ń pamọ́, kí á sì rọ̀ nígbà tí a bá ń wá.

Ìkìlọ̀ kan wà. Bí tábìlì dátábéèsì bá wà ní latin1, ẹ, ọ àti ṣ lè di àmì ìbéèrè. Èyí kì í ṣe àṣìkà. Lẹ́tà ti sọnù pátápátá, kò sì sí àṣẹ tí ó lè jí i dìde. A ó tún un tẹ̀ ni. Kí á ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ wa pamọ́ kí á tó fọwọ́ kan dátábéèsì.

(vii) Ọwọ́ tí ó ń tẹ̀wé. Àkójọ orúkọ wa kò sí nínú dátábéèsì. Fáìlì lásán ni, JavaScript ni ó sì ń wá orúkọ nínú rẹ̀. Gbogbo ohun tí a ti tún ṣe kò kàn án. Àdùkẹ́ kò tíì wọlé.

Ohun tí ó fà á nìyí. Nínú Unicode, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1EB9. Lẹ́tà é náà ní tirẹ̀, U+00E9. Ṣùgbọ́n ẹ́, lẹ́tà olóhùn òkè pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, àkànpọ̀ ni. Mẹ́ta nínú àwọn ọ̀nà tí a lè gbà kàn án pọ̀ nìyí:

ẹ, lẹ́yìn náà àmì ohùn: U+1EB9 U+0301
é, lẹ́yìn náà àmì ìsàlẹ̀: U+00E9 U+0323
e, àmì ìsàlẹ̀, àmì ohùn: U+0065 U+0323 U+0301

Lójú ènìyàn, ẹ́ kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ, ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tí ó tẹ àkójọ orúkọ fún wa lo ọ̀nà kìíní. Àwọn bọ́tìnnì tí a ṣe sójú-ìwé ń lo ọ̀nà kejì. Orúkọ ọmọ náà ń kan ilẹ̀kùn, ẹni tí ó wà nínú ilé kò dá a mọ̀.

Oògùn rẹ̀ kò gùn. A ó sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀nà kan ṣoṣo nígbà tí a bá ń pamọ́ àti nígbà tí a bá ń wá. Nínú JavaScript:

oruko.normalize('NFC')

Nínú PHP, Normalizer tí ó wà nínú àfikún intl ni ó ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò di ti àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn ọwọ́ méje yìí, fọ́ǹtì ni ó kù. Bí nọ́ńbà bá tọ̀nà ṣùgbọ́n tí a rí àpótí òfìfo, tàbí tí àmì ohùn bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà, fọ́ǹtì ni kí á pààrọ̀. Noto Sans, DejaVu Sans àti Charis SIL mọ lẹ́tà wa. Kí á ṣọ́ra fún àwọn ìwé àtijọ́. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn kan máa ń ṣe fọ́ǹtì tiwọn, wọn a sì gbé ẹ tàbí ọ jókòó sórí nọ́ńbà lẹ́tà mìíràn. Ìwé bẹ́ẹ̀ kò ṣeé kà láìsí fọ́ǹtì náà, ńṣe ni a ó yí i sí Unicode.

3. Kí ni ó dé tí a kò fi yọ àmì?

Àwọn tí ó ṣáájú wa ṣe iṣẹ́ kí lẹ́tà wọ̀nyí tó wà. Ìwé Ìròhìn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859. Ní ọdún 1875, àwọn ajíhìnrere ṣe ìpàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá. Ní ọdún 1974, ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń fi kọ́ni ní ilé-ìwé. Nígbà kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń dáhùn: báwo ni ohun tí a pamọ́ sórí ìwé yóò ṣe jẹ́ ohun tí ẹnu wí? Kò yẹ kí ìlà kan tí ó ní # níwájú sọ iṣẹ́ wọn di òfo.

Ní Àbújá tí a wà yìí, abala 55 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni a ó fi máa ṣe iṣẹ́ Ilé Aṣòfin Àpapọ̀, àti Hausa, Ìgbò àti Yorùbá nígbà tí a bá ti ṣe ètò tí ó péye fún wọn. Òfin kò tilẹ̀kùn. Ètò ni ó ń dúró dè. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí nínú kọ̀ǹpútà wa. Àmì yo ti wà, nọ́ńbà lẹ́tà ti wà, orúkọ oṣù ti wà. Ẹni tí yóò ṣe ètò ni ó kù, àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kò sì gbọdọ̀ dúró de ẹlòmíràn. Onímọ̀ kọ̀ǹpútà lè má mọ̀ pé ọ̀rọ̀-orúkọ wa kì í yí padà nítorí iye, tàbí pé ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ̀. Àwa mọ̀ ọ́n.

Ìkádìí

Fún ìrántí, àkójọ kúkúrú nìyí. Bí ẹ bá rí áº¹ tàbí á¹£, ẹ wo fáìlì àti ìkéde sáfà. Bí ẹ bá rí àmì ìbéèrè, ẹ wo dátábéèsì, kí ẹ sì dáwọ́ ìkọ̀wé dúró. Bí ẹ bá rí àpótí òfìfo, ẹ wo fọ́ǹtì. Bí gbogbo rẹ̀ bá wà ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ wo bùráósà, locale -a àti fódà .mo. Bí díẹ̀ bá wà ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ wá fuzzy. Bí ọ̀rọ̀ méjì bá di ọ̀kan, ẹ wo ìlànà ìfiwéra. Bí ọ̀rọ̀ kan bá di méjì, ẹ lo NFC.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ó tẹ̀lé e, a tún gbé kọ̀ǹpútà lọ sí Kubwa. Àdùkẹ́ kò kọ́kọ́ fẹ́ sún mọ́ ọn. Nígbà tí ó tẹ orúkọ rẹ̀ tán, ó jáde pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀: ẹni tí a ń dù láti kẹ́. Ó kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ní kí á bá òun wá orúkọ àbúrò òun.

Ìdánrawò

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín yo_NG àti yo-NG? Níbo ni a ti ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan?
2. Ojú rí lẹ́tà mẹ́ta nínú ọ̀kọ̀. Bí a bá kọ ọ́ ní NFC, nọ́ńbà Unicode mélòó ni ẹ̀rọ rí?
3. Ṣe àlàyé ìdí tí a fi ń kọ nplurals=1 fún Yorùbá. Fi àpẹẹrẹ mẹ́ta gbe ìdáhùn rẹ lẹ́sẹ̀.
4. Ọ̀rẹ́ rẹ kan rí "i???" níbi tí ó kọ "iṣẹ́" sí. Kí ni ìwọ yóò sọ fún un kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun?